Omi Tí Mo Dà Sí Ìyá Àgbà Lórí

Bí mo bá di ojú mi báyìí, tí oòrùn ọ̀sán sì ń ta sí ìpéǹpéjú mi, ibi tí mo máa ń bá ara mi ni àgbàlá ilé wa ní Ìsẹ́yìn, lábẹ́ igi máńgòrò. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó sì máa ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Láti ọ̀ọ́kán ni mo ti ń gbọ́ ìró àwọn tó ń hun aṣọ òfì, wọn kì í sinmi, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kánjú. Èéfín ààrò obìnrin kan ń gòkè lọ tààrà nítorí pé kò sí atẹ́gùn. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ran òwú. Ìrànwú ń yí, òwú ń gùn, ojú mi ń wúwo, n kì í sì í mọ ìgbà tí oorun máa ń gbé mi lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé mo fẹ́ràn wọn. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní ọmọkọ́mọ nígbà tó bá gbọ́ ohun tí mo ṣe sí wọn, kó ṣe sùúrù ná. Èmi náà ti pe ara mi bẹ́ẹ̀ tó, ó ti sú mi.

Onígbàgbọ́ ni wá nílé wa. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi, àwọn ni wọ́n sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi. Ìyá mi ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ. Ṣùgbọ́n mùsùlùmí ni ìyá àgbà, ọmọ mùsùlùmí, opó mùsùlùmí. Kò sí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí ládùúgbò wa nìyẹn. Ìyá àgbà fúnra wọn ni wọ́n fa bàbá mi lọ́wọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́n nígbà tí bàbá mi wà ní kékeré, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ ilé jù. Ìwé ni wọ́n mú un lọ kà. Ó kàwé lóòótọ́, ó sì bá ibẹ̀ gba Jésù. Bí ìyá àgbà bá ń sọ ọ́, ẹ óò rò pé ọmọ tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀ ni, tó ra iyọ̀ wálé tó sì tún fa ewúrẹ́ kan lọ́wọ́. "Kí ni mo fẹ́ ṣe?" wọ́n á ní. "Mo ní kó so ó mọ́lẹ̀."

Láàárọ̀, ìyá àgbà á ti kí ìrun àsùbáà tán kí bàbá mi tó lu agogo kékeré tó ń pe àwa ọmọ mẹ́rin jáde fún àdúrà. A ó wọ́ jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora lọ́rùn, ojú wa á ṣì kún fún oorun. Bàbá mi ti pín ọjọ́ fún wa. Olúkúlùkù ló ní ọjọ́ tirẹ̀ tí yóò gbàdúrà fún gbogbo ilé. Ọjọ́rú ni tèmi. Kò sí pé o kéré. Àbúrò mi ọmọ ọdún márùn-ún ní ọjọ́ tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì ń tọrọ láti oṣù dé oṣù ni kí Olúwa wo ẹsẹ̀ adìẹ rẹ̀ tó ń tiro sàn. A ó ṣe Àmín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, bàbá mi á wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín á gbẹ.

Lẹ́yìn àdúrà ni àkọ́sórí. Ìyẹn ni ọ̀tá mi. Bí o kò bá ka ẹsẹ Bíbélì rẹ dópin, ẹ̀kọ ń tutù níwájú rẹ ni, o ò ní í fọwọ́ kàn án. Ìyá àgbà á wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà wọn. Bí mo bá ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ tó kàn wúyẹ́, wọ́n á sì húkọ́ lé e. Obìnrin tí kò mọ ìwé, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí bí kò ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó bàbá mi! Gbígbọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà lọ́dọọdún, wọ́n ti há Sáàmù sórí jù wá lọ. Bàbá mi mọ̀ dáadáa. Wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Oníwàǹwára ni mí láti kékeré. Ìyá mi máa ń sọ pé bí ẹnìkan bá ní òun gbọ́ òórùn èéfín, kó tó sọ ibi tó ti gbọ́ ọ, mo ti ń gbé omi bọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tó kó bá mi náà nìyẹn.

Ọdún tí mo ń wí yìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ààwẹ̀ bọ́ sí àsìkò tí èso òrí ń pọ́n lọ́nà oko. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n oòrùn ò gbà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń múra ìgbọ́wọ́lé ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi sì ń bi í ní ìbéèrè ní ìrọ̀lẹ́ kó má baà dójú ti ìdílé níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń ṣa ẹ̀wà, mò ń gbọ́.

"Kí ni ìrìbọmi?" bàbá mi bi í.

"Ẹnu ọ̀nà ni, sà. Ibẹ̀ la ń gbà wọlé."

"Bí ẹnìkan bá ń kú lọ, tí kò tíì ṣèrìbọmi, tí kò sì sí àlùfáà nítòsí ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo àjà. "Wọ́n á ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́, sà?"

"Kí ìránṣẹ́ tó dé láti Ọ̀yọ́ ńkọ́? Ẹni tó ń kú á dúró dè é? Onígbàgbọ́ èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀ lè ṣe é. Kó bu omi, kó dà á sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹta, ní orúkọ Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ó parí."

"Ọmọdé ńkọ́, sà?" Èmi ni mo béèrè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Inú wọn dùn pé mo ń gbọ́. "Ọmọdé náà, bó bá gbàgbọ́."

Bí mo ṣe gba ẹ̀kọ́ nìyẹn. Kò ju ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà tí ìyá mi ń bá obìnrin aládùúgbò kan sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ká òwú. "Ààwẹ̀ ọdún yìí ń mú Màmá o," ìyá mi wí. "Wọ́n ti rù. Ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Mo ní kí wọ́n dá ààwẹ̀ dúró, wọ́n ní àfi bí àwọn bá kú. Ẹ̀rù ń bà mí." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ó sì jókòó síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀run ni mo máa ń rí. Ó jọ àgbàlá wa, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju èyí lọ, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ roro. Bàbá mi ń lu agogo, gbogbo wa ń wọ́ jáde, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò mi tòun ti adìẹ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sàn. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Nígbà náà ni n óò gbọ́ ikọ́ ìyá àgbà lóde. Mo máa ń ta jí níbi tí mo ti ń rìn, n óò rí i pé mo ti kọjá ilé-ẹ̀kọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Ìyá mi wà lọ́jà. Ìgbóná oòrùn ti jẹ́ kí gbogbo nǹkan máa gbọ̀n lókèèrè, àní àwọn ahunṣọ pàápàá ti dákẹ́. Ìyá àgbà fẹ̀yìn ti ìdí máńgòrò, ìrànwú ti já bọ́ lọ́wọ́ wọn, òwú ti ta kókó sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹnu wọn là sílẹ̀. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọn ò dáhùn. Mo wo àyà wọn, n kò rí i kó gbéra. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí àgbà kankan.

Onígbàgbọ́ èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀.

Búútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ti pọn omi kún un de ìrun alásàrí. Mo gbé e. N kò bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ayọ̀ ni. Mo tú ìborùn wọn, irun wọn funfun, ó kéré. Mo da omi lẹ́ẹ̀kan ní orúkọ Baba, mo dà á lẹ́ẹ̀kejì ní orúkọ Ọmọ. Mo tilẹ̀ ti sọ wọ́n ní orúkọ kan láti inú Bíbélì, n kò ní í sọ ọ́ síta láéláé. Ìgbà tí mo da ẹ̀kẹta, omi náà gba iwájú orí wọn sọ̀ kalẹ̀, ó sì wọ ẹnu tó là sílẹ̀ náà lọ.

Yéè! Ìyá àgbà fò sókè. Omi pá wọn lórí, wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń na ọwọ́ káàkiri bí ẹni tó já sódò.

"Ta nìyẹn? Kí ló dé?"

"Ó ti parí, ìyá àgbà!" Ẹ̀rín kún ẹnu mi. "Mo ti ṣèrìbọmi fún yín. Ẹ ò ní í wà lóde mọ́."

Wọ́n fọwọ́ kan orí wọn. Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀fun wọn. Wọ́n gbójú sókè wo oòrùn láàárín ewé máńgòrò. "Mo ti gbé e mì," wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ilẹ̀ ò tíì ṣú, mo ti gbé omi mì." Háà, ààwẹ̀! Ààwẹ̀ ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti búútà lọ́wọ́.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Ìyàlẹ́nu ni pé mo ṣì ń fi ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ yangàn. "Bàbá ni," mo wí.

Bí wọ́n bá nà mí ni, ọ̀rọ̀ ìbá tán níbẹ̀. Wọn ò nà mí. Wọn ò bú mi. Wọ́n wò mí, lẹ́yìn náà wọ́n wo ilé, fèrèsé yàrá bàbá mi gan-an, wọ́n sì wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìborùn nu orí wọn gbẹ, wọ́n wọlé lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ìyá mi ti ọjà dé, ó bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó di ìró aṣọ wọn mú. "Màmá, ẹ dákun. Ọmọdé ni. Kò mọ ohun tó ń ṣe."

"Ìyàwó, dìde. Kò sí ìjà láàárín èmi àti ìwọ. Ọmọdé ò mọ ohun tó ń ṣe, àgbà tó kọ́ ọ mọ̀." Wọ́n gba ibùdó ọkọ̀ lọ, wọ́n wọ ọkọ̀ Ìpàpó, ibi tí àbúrò bàbá mi obìnrin ti lọ́kọ.

Ìgbà tí bàbá mi dé, ìyá mi ròyìn fún wọn. Wọ́n pè mí. Mo ti na ọwọ́ mi síwájú fún pàṣán.

"Ṣé o sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá mi fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sórí erùpẹ̀. N kò rí wọn kí wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n lọ jẹun.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta wọ́n lọ sí Ìpàpó, àwọn nìkan ni wọ́n sì bọ̀. Mo wà lábẹ́ fèrèsé, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ìyá mi. "Wọ́n ní ohun tí mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, pé kí ara wọn má le mọ́. Wọ́n ní mo tijú àtiṣe é fúnra mi, ni mo fi rán ọmọ. Wọ́n ní ilé tí wọ́n ti ń wojú àgbà pé ìgbà wo ni yóò kú, àgbà kì í sùn níbẹ̀." Bàbá mi fọn imú. "Ìyá mi ò gbà mí gbọ́ mọ́," wọ́n wí.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ àdúrà mi. Gbogbo wọn di ojú. Mo la tèmi sílẹ̀.

"Ó yá," bàbá mi wí.

"N kò ní í gbà á, sà. Ohun tí Olúwa ní kí n ṣe ni mo ṣe. N kò ní ohun tí mo fẹ́ bá a sọ."

Ìyá mi ní, "Yéè, ẹnu ẹ!" Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wo ibi tí pàṣán wà. Ọmọ tíṣà, ọmọ ẹni tó ń ka Bíbélì fún ìjọ! Bàbá mi wò mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ náà fún ẹlòmíràn. "Ọjọ́ rẹ ni," wọ́n wí. "A ó bá ọ jókòó." A jókòó. Àkùkọ ń kọ, ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣe, bàbá mi ní Àmín, a sì dìde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é ní Ọjọ́rú mẹ́rin léra wọn. Wọn ò fi ipá mú mi gbàdúrà, wọn ò sì gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ mi. Inú bí mi sí wọn nítorí rẹ̀ nígbà náà. Mo ń fẹ́ kí ẹnìkan bá mi jà.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ dé, ó kọjá. Àwọn aládùúgbò gbé oúnjẹ wá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹran wà lórí rẹ̀ bámúbámú. Èmi tí n kì í kọ ẹran, n kò lè gbé e mì. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá àgbà ṣófo. Mo ka àkọ́sórí mi, mo dé ibi tó há, mo dúró, kò sẹ́ni tó húkọ́.

Ní Àbámẹ́ta kan lẹ́yìn ọdún ìtúnu náà, bàbá mi gbé alùpùpù wọn jáde ní kùtùkùtù. "Wọṣọ," wọ́n sọ fún mi. "Ìwọ lo da omi, èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹlẹ́bi méjì la jẹ́, a ó jọ lọ."

Ojú ọ̀nà yẹn, bí àlá ló rí lójú mi títí di òní. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Ebè iṣu tò lọ rẹrẹẹrẹ títí dé ibi tí ojú ò lè dé mọ́, igi òrí dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín wọn, àwọn màlúù Fúlàní funfun ń rìn la ìkùukùu kọjá, ẹsẹ̀ wọn ò hàn. Mo di bàbá mi mú níbàdí. Èmi tí mo ń bínú sí wọn, n kò fẹ́ kí ọ̀nà náà tán.

Ẹ̀yìnkùlé la ti bá ìyá àgbà, wọ́n ń yọ kóró kúrò lára òwú. Wọ́n rí wa, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì, tòun ti gbogbo eruku ọ̀nà.

"Màámi, n kò rán an. N kò jẹ́ rán ọmọ sí yín láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ ò parọ́, èmi ni mo kọ́ ọ, mo sì kọ́ ọ ní ààbọ̀. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń da omi. N kò kọ́ ọ pé ẹni tí a fẹ́ dà á sí lórí ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo gbàgbé láti sọ ọ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Ẹ foríjì mí."

"Dìde," wọ́n wí. "Òtútù ilẹ̀ á mú ọ láyà." Wọ́n tún yọ kóró òwú méjì, mẹ́ta. "Mo gbọ́. Jẹ́ kí n rò ó. N kò ní agbára àríyànjiyàn lónìí, ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi."

"Ààwẹ̀ ti parí, Màámi."

"Èyí tí mo jẹ ni mò ń san." Wọn ò wò mí bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó dùn mí bí ẹni pé wọ́n gún mí lábẹ́rẹ́.

Bàbá mi lọ kí ọkọ àbúrò wọn lóko, wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo jókòó ti ìyá àgbà, mo mú òwú, mo ń yọ kóró. Oòrùn ń gòkè. Àbúrò bàbá mi gbé àkàrà wá fún mi, mo ní n kò jẹ. Ó gbé omi wá, mo ní n kò mu.

"Kí ló ṣe ọ́?" ìyá àgbà wí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bá mi sọ láti bí oṣù kan nìyẹn.

"Mò ń bá yín san án."

"Ta ló ní kí o san án? Mu omi, jàre."

"Bí ẹ bá mu, n óò mu."

"Orí kunkun bàbá rẹ nìyí," wọ́n wí, ẹnu wọn sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá a mú. Ọ̀sán náà gùn, kò lópin. Ẹnu mi gbẹ, ó korò. Òwú ń léfòó lójú mi, funfun lórí funfun; mo sùn, mo jí, mo bá orí mi lórí itan wọn, ọwọ́ wọn sì ń fi ìborùn lé eṣinṣin kúrò lójú mi. N kò mira, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo ti jí.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

"Bàbá rẹ ni mo bínú sí. Ìwọ, ẹ̀rù ni mo rí lójú rẹ lọ́jọ́ náà, mo sì ń bi ara mi léèrè láti ọjọ́ yẹn: kí ló ń ba ọmọ yìí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ọ̀run, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ikọ́ wọn lóde. Oòrùn ti ń pọ́n lọ sẹ́yìn ilé, bàbá mi sì ti oko dé, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn ò fẹ́ dí wa lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun màgàríbà, ìyá àgbà bu omi sínú ife, wọn ò tíì mu ún.

"Wọ́n ní o ò gbàdúrà mọ́. Gbà á."

"Bíi ti yín ni àbí bíi tiwa?"

"Ṣé mo kọ́ ọ ní tèmi ni? Gbà á bí bàbá rẹ ṣe kọ́ ọ. Òùngbẹ ń gbẹ mí, má jẹ́ kó gùn."

Mo di ojú. Mo wá ọ̀rọ̀, n kò rí èyí tí mo ti há sórí kankan. Ohun tó wà nínú mi ló jáde. "Olúwa, jọ̀ọ́, bí ìyá àgbà ò bá ní í sí níbẹ̀, má mú mi lọ. Fi mí sílẹ̀ sọ́dọ̀ wọn níbi tí wọ́n bá wà..."

Ọwọ́ ìyá àgbà bo ẹnu mi. Ó le, ó ń ta òórùn òwú.

"Rárá o! Gbé e padà. Gbé àdúrà yẹn padà kíákíá. Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa bàbá rẹ ni? Ibi tí ó ń mú ọ lọ, tẹ̀ lé e. Nítorí tèmi, má dúró." Omijé ti ń gba ojú wọn. "Ọlọ́run mọ orúkọ mi, ìyá mi. Bó bá fẹ́ mi, kò ní í rán ọmọdé sí mi lójú oorun. Á pè mí fúnra rẹ̀, n óò sì jẹ́ ẹ."

Bàbá mi ti kọjú sí ògiri, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ìyá àgbà mu omi díẹ̀, wọ́n gbé ife náà sí mi lẹ́nu, wọ́n sì fi ìdí ìró aṣọ wọn nu ojú. "Ìwọ tó ń sunkún síbẹ̀ yẹn," wọ́n sọ fún bàbá mi, "wá ọkọ̀ fún mi láàárọ̀ ọ̀la. Ẹrù mi ò gba orí alùpùpù."

Wọ́n tún lo ọdún mẹ́sàn-án pẹ̀lú wa. Mùsùlùmí ni wọ́n, mùsùlùmí ni wọ́n kú, bàbá mi sì fi ọwọ́ ara wọn gbé wọn sin bí àwọn ààfáà ṣe wí. Èmi náà ti bímọ, mo ti fi agogo jí ọmọ láàárọ̀, mo ti pín ọjọ́ fún wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ mi bá bi mí léèrè ìyá àgbà, mo máa ń sọ fún wọn pé ìyá àgbà ní kí n gbé àdúrà kan padà, mo sì gbé e padà níwájú wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ketekete, kí wọ́n lè mu omi. Ẹnu ni mo fi gbé e padà. N kò tíì gbé e padà nínú ọkàn mi títí di òní.